Ọkọ́ Tí Wọ́n Tu Àmì Rẹ̀ Dànù

Kí ayàwòrán náà tó gun àtẹ̀gùn tán ló ti ń gbọ́ ẹ̀rín. Kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀ o. Ẹ̀rín burúkú tí àwọn àgbàlagbà máa ń fọwọ́ bò mọ́nú ni, tí èjìká á wá máa mì tìtì lábẹ́ aṣọ olówó gọbọi. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, wọ́n jọ wọlé.

Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ilé àwòrán ìlú, tí wọ́n ń dá a padà bí ẹrù tí kò ní olówó. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gba ẹyọ kan: àwòrán ọkọ́ tí bàbá rẹ̀ fi ro etí títì ìlú yìí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ó ya igi ọkọ́ náà bí àtẹ́lẹwọ́ bàbá ṣe fi ọdún gbogbo họ ọ́ títí tó fi ń dán. Inú bàbá dùn débi pé láti àárọ̀ ni wọ́n ti wọ bàtà, tí wọ́n jókòó ti ilẹ̀kùn.

Èrò rọ̀gbà yí àwòrán náà ká. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n lẹ páálí funfun kan mọ́ ògiri, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé: OKO BABA MI.

Tàmì-tàmì ló kọ ọ́ fún wọn, Ọkọ́ Bàbá Mi. Wọ́n ti tu gbogbo àmì náà dànù bí ìyẹ́ adìẹ. Àwọn tó lójú àánú níbẹ̀ ń kà á sí oko. Àwọn tó kù, ọ̀rọ̀ tí ìyá ń torí ẹ̀ gbá ọmọ lẹ́nu ni wọ́n ń kà.

"Ha! Ti bàbá tiwọn mà gùn o!" obìnrin kan tó mú ife dání ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ó tún wá tẹ̀ lórí!" ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá a lóhùn, wọ́n bá gbá ara wọn mú.

Ayàwòrán náà fi bàbá sílẹ̀, ó wá ọ̀gá ilé àwòrán lọ. Lọ́fínńdà ni àwọn ayàwòrán ń pè é lẹ́yìn, torí òórùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé.

"Ọ̀gá, ta ló yọ àmì orí ọ̀rọ̀ mi?"

"Èmi ni, arábìnrin mi. Wọ́n ń ba ojú lẹ́tà jẹ́. Àfi bí ìgbà tí eṣinṣin su síbẹ̀."

"Bàbá mi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, sà!"

"Ẹ wo èrò! Ṣé àwòrán míì wà tí wọ́n dúró tì? Tí wọ́n bá kà á sí oko, ó dáa. Tí wọ́n bá kà á sí nǹkan míì, ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ti lókìkí nìyẹn!" Ó fọwọ́ pa á léjìká. Ó ṣe ayàwòrán náà bíi kó lọ fọṣẹ fọ èjìká ọ̀hún.

Nígbà tó máa fi yíjú padà, bàbá ti wà níwájú páálí, wọ́n ń fìka tọ lẹ́tà bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ àgbà.

"Ọ-kọ́ bà-bá mi," wọ́n kà á sókè. Wọ́n kà á bó ṣe yẹ, torí kò sí nǹkan míì tó lè jẹ́ lójú tiwọn.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ín?" obìnrin onífe yẹn bi wọ́n.

"Èmi ni mo ni ín," bàbá dáhùn tayọ̀tayọ̀. "Òun náà ni mo fi tọ́ gbogbo ọmọ mi."

Ẹ̀rín bú gbàmù. Ọkùnrin kan tiẹ̀ ń nu omijé. Bàbá kọ́kọ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ojú bàbá yí padà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ síwájú páálí náà, wọ́n ń fìka tọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ọmọ mi, àbí mo ṣì í kà ni?"

"Ẹ ò ṣì í kà, Bàbá."

Ó nawọ́ sókè, ó gbé àwòrán náà kúrò lára ìṣó. Lọ́fínńdà sáré dé.

"Tí ìyẹn bá fi lè jáde, ẹ ò ní gbé nǹkan kan wọ ilé yìí mọ́ láéláé!"

Bàbá gbá etí kejì àwòrán náà mú, wọ́n jọ ń gbé e lọ. Àwọn èèyàn rò pé ara eré ni, wọ́n na fóònù sókè, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn ló ba ayàwòrán náà nínú jẹ́ ju ẹ̀rín lọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú sí gbogbo wọn, ó sì tutọ́ ẹ̀kún ẹnu sílẹ̀ dídán náà.

Bàbá rọra gbé etí tiwọn kalẹ̀. Wọ́n fa áńkáṣíìfù yọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń nu itọ́ náà.

"Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá! Ẹ jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i."

Bàbá ò gbójú sókè. "Ṣé àwọn yẹn ló máa nù ún ni?"