Bí Wọ́n Ṣe Fi Tó Wa Létí

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ka ìròyìn aago méje ìrọ̀lẹ́ lórí rédíò. Ẹ má bi mí bóyá iṣẹ́ náà dáa. Iṣẹ́ ni. Olóòtú á kọ ìròyìn, wọ́n á gbé e lọ sókè, ọ̀gá á fi bírò pupa fa èyí tí ò wù ú, á lu òǹtẹ̀, bébà á sì sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Èyí tó bá ti ní òǹtẹ̀ ni mò ń kà. Tó bá ní oòrùn yọ lóru, màá kà á, màá sì kí yín pé ẹ kú ìkàlẹ̀. Àwọn ará àdúgbò wa ti mọ̀ mí. Tí mo bá ní òjò ò ní rọ̀, agbòjò ni wọ́n ń mú jáde.

Bàbá mi nìkan ni mi ò lè purọ́ fún. Ojú wọn ò ríran mọ́ láti ọdún mẹ́fà, rédíò ló kù tí wọ́n fi ń mọ ohun tó ń lọ. Àwa méjèèjì wá jọ ṣàdéhùn. Tí ìròyìn kan bá jẹ́ irọ́, màá fi "bí wọ́n ṣe fi tó wa létí" sí i. Tí mi ò bá fi sí i, òótọ́ ni. Wọ́n á máa dá rẹ́rìn-ín nídìí rédíò, wọ́n á ní, "Ọmọ yìí mà gbọ́n féèyàn o!"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, omi ẹ̀rọ ti ń rùn láti ọjọ́ mẹ́rin. Bébà sọ̀ kalẹ̀: omi mọ́ tónítóní, kí ará ìlú máa mu ún láìfòyà. Mo kọ gbólóhùn mi sí etí bébà bí ìṣe mi. Àfìgbà tí ọ̀gá wọ sítúdíò, tó dúró sẹ́yìn àga mi.

"Kí lèyí ń wá níbí? Ta ló tún fi tó wa létí? Yọ ọ́."

Ó ku ìṣẹ́jú kan. Mo yọ ọ́. Inú ò bí mi, ẹ̀rù ò bà mí. Mo kàn kà á. Nígbà tí mo jáde, mo pe fóònù Bàbá, wọ́n ti pa á. Wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí àwọn lọ́wọ́ nídìí ìròyìn.

Nígbà tí mo délé, ife omi kejì ló wà lọ́wọ́ wọn.

"Àbúrò ẹ pè láti òkè òkun láàárọ̀," wọ́n ní. "Ó ní rédíò tọ̀hún sọ pé omi wa ti bàjẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ná. Òǹgbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí o! Ìgbà tó ò fi gbólóhùn wa sí i lọkàn mi balẹ̀."

"Bàbá, ẹ gbé e sílẹ̀. Omi yẹn ò dáa."

Ife náà dúró lágbedeméjì. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì, ti orí rédíò àbí ti ilé?"

Mo gba ife, mo da omi garawa nù, mo nu ilẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Bàbá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń fa omi sí wọn lára. Nọ́ọ̀sì ní ẹni kọkànlélógún tí omi ẹ̀rọ gbé débẹ̀ nìyẹn láti àárọ̀. Rédíò kékeré wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù, mo dìde.

"Ṣé ibi iṣẹ́ lò ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Bá mi pa rédíò yẹn kó o tó lọ."

Mo pa á.

Bébà tó sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ní kò sí ẹnì kankan nílé ìwòsàn nítorí omi. Òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀. Ọ̀gá ò sí nítòsí. Mo fi "bí wọ́n ṣe fi tó wa létí" sí i, mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ohun tí mò ń wí ti ní kí n pa rédíò. Mo ṣí bébà kejì, mo ka ìròyìn bọ́ọ̀lù.