Aṣọ Tó Fún Lábíyá

“Ó fún mi, Bàbá.”

“Aṣọ tuntun ni. Yóò rọ̀.”

Ọmọbìnrin náà dúró lórí àpótí láàárín ṣọ́ọ̀bù, apá rẹ̀ méjèèjì yà sí ẹ̀gbẹ́ bí ti ẹyẹ tí òjò pa. Bàbá àgbà rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ki bọ́tìnì bọ ihò lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ télọ̀, kò sì sí ohun tó wà lára aṣọ yìí tí kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ọrùn rẹ̀ ṣe déédéé. Ìbàdí rẹ̀ kò tú, kò sì há. Ó gùn kọjá orúnkún díẹ̀, nítorí pé ọmọ ń dàgbà. Ihò apá nìkan ni ó gé wá sísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì mú apá aṣọ náà fún, tó fi jẹ́ pé bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá fẹ́ na ọwọ́ kọjá èjìká, aṣọ náà yóò fà á padà. Ẹni tí kì í ṣe télọ̀ kò lè mọ̀. Ohun tí wọn yóò rí kò ju pé apá ọmọ náà kò gùn tó.

“Ṣé kí n gbé e wò?”

“Gbé kí ni?”

“Ọwọ́ mi. Bóyá ó máa kan etí.”

“Má gbé nǹkan kan. Wàá rún aṣọ. Ó di ọ̀hún.”

Ọ̀hún ni ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Bí wọ́n bá ń gba ọmọ tuntun wọlé níbẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé kì í béèrè ọjọ́ ìbí, nítorí ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ohun tó bá wu òbí ni òbí ń sọ. Ọmọ yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí rẹ̀ kọjá, yóò fi wá etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ọmọ ti tó kíláàsì kìíní. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Kékeré ni bàbá náà máa ń pè é, gbogbo àdúgbò sì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ Kékeré kò kan etí lóòótọ́. Bàbá àgbà gbé e sí èjìká padà sílé. Ó fajú ro nítorí àwọn tó ń wò ó, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn débi pé ó tì í lójú. “Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ,” ni ó sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, kò sì parí òwe náà.

Lọ́dún yìí ńkọ́? Oṣooṣù ni ó ń fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ó rí bí apá ṣe ń sá jáde lẹ́nu aṣọ. Eyín iwájú méjì ti ká, ọ̀kan ti hù padà, ó sì tóbi ju ẹnu lọ. Ọmọ náà kò sunkún mọ́ bí ààrá bá sán. Lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń to bọ́tìnì sí ìlà, ó sọ wọ́n di kíláàsì: dúdú ńlá ni ọ̀gá ilé-ìwé, funfun tó ya létí ni ọmọ tó ń tọ̀ sára, ohùn tó sì fi ń bá èyí wí yàtọ̀ sí ohùn tó fi ń bá tọ̀hún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó sùn lórí àwọn ègé aṣọ, bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó rọra gbé apá rẹ̀ gba orí kọjá. Ìka àárín bo etí náà pátápátá. Ó dá ọwọ́ náà padà síbi tó ti mú un, bí olè tó ń dá ẹrù onílé padà.

Ọjọ́ kejì ni ó gé aṣọ náà.

Ìyá Kékeré ni ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá náà bí. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi rìn gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yìí jáde. Ó ní orí tó ń fọ́ òun kì í ṣe nǹkan bàbàrà, pé òun kàn fẹ́ kí dókítà wò ó ni, pé kí aṣọ tí òun sá sórí okùn tó gbẹ, òun á ti dé. Aṣọ náà gbẹ, kò padà dé. Bàbá náà ni ó ká a.

“Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ò tíì jáde? Ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ sìn lọ sílé ọkọ ni?”

Àbúrò rẹ̀ ni, tó ń ta búrẹ́dì. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná ti wọlé ṣáájú rẹ̀. Òun ni ó ti kéde láti ọjọ́ mélòó kan pé òun gan-an yóò bá wọn lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà wá ìtàn kan sọ.

“Màmá Búrẹ́dì!” Kékeré bẹ́ sílẹ̀ láti orí àpótí, ó sáré dì mọ́ ọn. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò kọjá ìbàdí obìnrin náà.

“Kí ló dé tó o dì mọ́ mi nísàlẹ̀ báyìí, bí ẹni tó fẹ́ yọ mí lápò? Ṣé mi ò lọ́rùn ni?”

“A ti pẹ́,” ni bàbá náà wí. “Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Lójú ọ̀nà, àbúrò rẹ̀ kò dákẹ́. “Mo bẹ Ọlọ́run kó kàn án lónìí o. Ọmọ ilé kejì tí wọ́n jọ ń ṣeré ti fẹ́ wọ kíláàsì kejì. Tí èyí bá tún fi jókòó sílé, ọjọ́ tó bá wọlé, ìyá kíláàsì ni wọ́n á máa pè é.”

“Ọmọ kì í pẹ́ jù nílé.”

“Ta ló wí? Ọmọ tó jẹ́ pé bọ́tìnì ló ń bá ṣọ̀rẹ́!”

Kékeré ń rìn láàárín wọn, ó di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́wọ́ mú, kò sì sọ nǹkan kan. Ìyẹn kò jọ ọ́.

Èrò ti tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé. Ariwo ẹ̀rọ ìlapákó ń wá láti ẹ̀yìn ògiri, ó ń ké, ó ń dákẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé jókòó sí ìdí tábìlì, obìnrin tó sanra díẹ̀, tó fi awò ojú lé orí imú. Níwájú wọn, ìyá kan ń fi ọgbọ́n tẹ orí ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí etí lè pàdé ọwọ́ lọ́nà.

“Màmá, ẹ fi ọrùn ọmọ sílẹ̀,” ni ọ̀gá náà wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Etí ló ń dúró, ọwọ́ ló ń wá a.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá télọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Abíyá tirẹ̀ ti tutù fún òógùn. Ó ti rí i pé àbúrò òun dúró lẹ́yìn Kékeré gan-an, ó ń fi ìka yẹ aṣọ náà wò léjìká bí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun, ọwọ́ yẹn sì ti mọ ohun tó ki àti ohun tó rọ̀ láti kékeré wá.

Ó kàn wọ́n.

“Ìwọ náà tún dé,” ni ọ̀gá ilé-ìwé wí. “O sunkún nígbà tó kọjá.”

“Mi ò sunkún, mà. Ojú mi ló ń ṣomi.”

“Ó dáa. Ojú tó ń ṣomi, gbé ọwọ́ rẹ gba orí.”

Kékeré gbé e. Aṣọ náà fà. Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gòkè lápá kan, orúnkún yọ. Ọwọ́ náà dé àtàrí, ó sì dúró.

“Na ìka, ọmọ mi, na ìka!” ni Màmá Búrẹ́dì ń wí. Ó ti ń na ọwọ́ ti ara rẹ̀ láìmọ̀.

Ọmọ náà tún gbìyànjú. Iṣan ọrùn rẹ̀ le. Ọwọ́ kò kúrò ní àtàrí.

Ọ̀gá ilé-ìwé bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ọmọ yìí ga ju gbogbo àwọn tó ti wọlé láàárọ̀ yìí lọ. Ṣé apá ń dùn ọ́ ni? Ṣé o ti ṣubú rí?”

“Rárá, mà.”

“Ẹ dúró ná,” ni Màmá Búrẹ́dì wí. “Ṣé kì í ṣe aṣọ yìí ló fún un? Jẹ́ n wo abíyá rẹ.”

Ó na ọwọ́. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń wò wọ́n: àwọn ìyá, àwọn bàbá, àwọn tó ti fún un láṣọ rán láti ọdún gbọ́nhan. Bàbá náà ti ń wá ohun tí yóò sọ nígbà tí Kékeré fà sẹ́yìn, tó pa apá rẹ̀ mọ́ra gbágbá, tó sì gbójú sókè wò ó.

Ojú náà kò bẹ̀ ẹ́ pé kó gba òun. Bàbá náà ti rí irú ojú yẹn rí, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, lójú ẹni tó ní orí fífọ́ náà kì í ṣe nǹkan bàbàrà.

“Kò fún mi,” ni Kékeré wí, ketekete, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. “Bàbá mi kì í rán aṣọ tó fún èèyàn. Apá mi ló kúrú.”

Ẹ̀rọ ìlapákó dákẹ́ lẹ́yìn ògiri. Bàbá náà rántí ọ̀sán ọjọ́ yẹn lórí àwọn ègé aṣọ. Ojú ọmọ náà pa dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún bàbá náà pé oorun ló ń sùn.

“Ó dáa náà,” ni ọ̀gá ilé-ìwé wí, ó mí kanlẹ̀. “Ó di ọdún tó ń bọ̀. Ta ló kàn?”

Kékeré mi orí pé òun gbọ́. Ó yí padà, ó di ọwọ́ bàbá àgbà rẹ̀ mú, ó sì fà á díẹ̀, bí a ṣe ń fa ẹni tí ọ̀nà ò dá lójú. “Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Bàbá. Ẹ má ronú.”

Bàbá náà kò lọ. Ó dúró síbẹ̀ títí ẹni tó wà lẹ́yìn wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni ó kúnlẹ̀, eékún rẹ̀ ké. Ó mú abẹ kékeré tó fi ń tú rírán jáde láti inú àpò àyà, ó ṣí bébà tó fi wé e.

“Gbé apá kúrò lára.”

“Ẹ̀gbọ́n! Kí lẹ fẹ́ ṣe? Aṣọ tuntun!”

Ó ti ki abẹ sí abíyá aṣọ náà. Òwú ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, ìró rẹ̀ kò ju ti èékánná lára tábìlì lọ, síbẹ̀ gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbọ́ ọ. Ó la á láti abíyá dé egungun ìhà, ọ̀nà tí ọwọ́ ara rẹ̀ gbà rán an. Kò gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni.

“Gbé e sókè.”

Kékeré wo ojú rẹ̀. “Ṣé kí n gbé e?”

“Gbé e.”

“Ẹ ò ní dá wà…” Kò parí rẹ̀.

“Mo ní gbé e sókè.”

Ọwọ́ náà gòkè, ó gba àtàrí kọjá, ó sì sọ̀kalẹ̀ lódì kejì. Ìka bo etí, ó tún ká a kò.

Ọ̀gá ilé-ìwé wo etí náà. Ó wo aṣọ tó là. Ó wo télọ̀ tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. “Kíláàsì kìíní,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “Ẹnì kan bá mi fi pín-ìnnì mú abíyá yẹn.”

Màmá Búrẹ́dì ni ó mú un. Ìgbà tó ṣe tán ni ó tó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “A máa sọ̀rọ̀ nílé,” ni gbogbo ohun tó sọ.

Olùkọ́ kan ti mú Kékeré lọ́wọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ó dúró, ó sì yíjú padà. “Bàbá, tí wọ́n bá ti lu agogo, mo ń bọ̀.” Ó rò ó díẹ̀. “Ẹ má dúró sínú oòrùn o.”

“Ó dáa,” ni ó wí. Ọmọ náà ti wọlé.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn bọ́tìnì ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì bó ṣe tò wọ́n, dúdú ńlá níwájú. Kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ó tẹ́ aṣọ mìíràn sórí tábìlì, irú kan náà, ó mú ẹfun tí télọ̀ fi ń fa ìlà. Ó fẹ́ fa ihò apá, kí ó gbòòrò. Ó mọ ìwọ̀n náà lórí, ṣùgbọ́n ti oṣù tó kọjá ni. Ó dúró pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́. Ọrùn, àyà, ìbàdí, apá: kò sí ibi tí téèpù rẹ̀ kò dé lára ọmọ náà. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè ọjọ́ tí Kékeré kọ́ bí a ṣe ń pe apá ara ẹni ní kúkúrú nítorí ẹlòmíràn, àti ọ̀dọ̀ ẹni tó ti kọ́ ọ, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà ju òun lọ.

Ó gbé ẹfun kalẹ̀. Yóò ní láti dúró kó dé, kó tó lè wọ̀n ọ́n.

Nígbà tó ṣe, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sókè, ó fẹ́ gbé e gba orí kọjá. Èjìká há. Ìka rẹ̀ dúró láàárín irun funfun. Ó tún gbìyànjú, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ bí ìyá ọmọ àárọ̀ yẹn ṣe tẹ ti ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rántí, ó sì mú ọrùn rẹ̀ dúró ṣánṣán.

Kò kàn án.

Kò sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ lórí, ó ń tẹ́tí sí agogo.