Ohùn Velika Lábẹ́ Àjàrà

Ọdún ọ̀fọ̀ Velika pé lánàá. Wọ́n ti pín àlìkámà sísè lójú oórì, wọ́n ti lẹ bébà ìrántí tuntun tó ní àwòrán rẹ̀ mọ́ ẹnu géètì, Zlatina àbúrò rẹ̀ sì ti tú gèlè dúdú kúrò lórí. Ní abúlé wọn lórí òkè Ròdópì, ilé tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í gbọ́ orin títí ọdún yóò fi yí po. Àsìkò orin wá dé wàyí, ṣùgbọ́n ẹnu Zlatina kò ṣí.

Láti kékeré ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti máa ń kọrin bí wọ́n ti ń kọ ọ́ níbẹ̀: ẹnì kan á dá ìlà kan, á dákẹ́, ẹnì kejì á sì gbè é. Velika a máa dá a láti ilé ìdáná. Zlatina a máa gbè é láti abẹ́ àtíbàbà àjàrà, níbi tó ti ń so ewé tábà. Nígbà tí àìsàn ti dá Velika dùbúlẹ̀, ó dá orin kan sínú fóònù, ó sì ń dákẹ́ lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan de àbúrò rẹ̀. Kí Zlatina tó mọ̀ pé orin náà wà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọ ilẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi ránṣẹ́ sí Spas, ọmọ Velika, tó ń ta ẹ̀rọ orin nílùú Plovdiv. Ó ní kó wá ohun tí yóò gbé orin láti inú fóònù, láìsí wáyà, dé ilé ìdáná àti abẹ́ àjàrà. Spas kó irú ẹ̀rọ méjì wá, kí Zlatina fúnra rẹ̀ yàn. Ó gbé sípíkà sí ilé ìdáná, ó sì so èyí tí òjò kì í bà jẹ́ mọ́ òpó àjàrà. Ó ṣàlàyé pé Bulutúùtù kò lè la ògiri òkúta ilé náà já, nítorí náà Wáì-fáì ni àwọn méjèèjì ń lò. Ti àkọ́kọ́ rọrùn láti tẹ̀, àmọ́ ohùn ìta rẹ̀ máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kẹ́yìn ti inú ilé. Ìkejì ní tirẹ̀ ń mú gbogbo sípíkà fọhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó tan àkọ́kọ́. Velika dá ìlà kan nínú ilé, ó dákẹ́. Kí Zlatina tó mí, Velika mìíràn ti gbè é lábẹ́ àjàrà. Ó tún dá a nínú ilé. Ó tún gbè é níta. Zlatina dìde nínú ilé ìdáná. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà lọ wò. Àpótí tí òun máa ń jókòó lé nìkan ló wà níbẹ̀, kò sẹ́nìkan lórí rẹ̀.

Spas ń tọrọ gáfárà fún bó ṣe ń kẹ́yìn. Nígbà tó rí omijé lójú Zlatina, ó ní bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀, kó mú un. Ó gbìyànjú láti pa á lẹ́rìn-ín: "Màámi mà ti gba iṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ o, Màmá."

"Ó gbà á lóòótọ́," ni Zlatina wí. "Bó bá ń kọ tirẹ̀, tó tún ń kọ tèmi, ta ló wá kú nínú àwa méjèèjì?"

Spas na ọwọ́ sí fóònù. Ó pa ẹ̀rọ náà. Inú ilé pa rọ́rọ́, àmọ́ ti abẹ́ àjàrà kò tíì dákẹ́: ó kọ ìdajì ìlà kan sí i, òun nìkan, kó tó parẹ́.

Zlatina di òpó ilẹ̀kùn mú. "Tan ìkejì," ó wí jẹ́jẹ́. "Mi ò ní jẹ́ kó máa dá méjèèjì ṣe. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ máa gbè é nìyẹn o."

"Mo mọ̀."

Ó lọ jókòó sórí àpótí. Ohùn Velika jáde nílé àti lára òpó lẹ́ẹ̀kan náà, ó yí i ká, ó sì dákẹ́. Zlatina la ẹnu. Èémí lásán ló jáde. Velika kò bá a wí. Ó bọ́ sí ìlà kejì, ó tún dákẹ́ dè é.

Lọ́tẹ̀ yìí ohùn Zlatina jáde, ó ha, ó sì ṣìnà níbẹ̀rẹ̀. Nínú ilé, Spas kọjú sí ògiri. Zlatina kò tíì parí nígbà tí Velika gbé ìlà kẹta, nítorí òkú kò mọ̀ pé àbúrò òun ti ń lọ́ra nínú orin báyìí. Zlatina sáré tẹ̀lé e.