Ọjọ́ Ìgbẹ́jọ́ Mọ́pẹ́

Ògúnbíyìí fara pamọ́ sẹ́yìn òyìnbó sísanra kan tó di kẹ̀kẹ́ mú. Ó rọ fìlà bo iwájú orí, ó ń yọjú wo ìyàwó rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ti gbéra ní Clonsilla. Mọ́pẹ́ jókòó lẹ́bàá fèrèsé lápá iwájú, Elisha sì jókòó tì í. Ọmọkùnrin náà fara sún mọ́ ọn, ó sọ nǹkan sí i létí. Mọ́pẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ó ti pẹ́ tí Ògúnbíyìí ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn nílé.

Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. À ń jowú, à ń jowú, a kì í yó. Láti bí oṣù kan ni Ògúnbíyìí ti ń jẹ tirẹ̀, ebi rẹ̀ sì ń le sí i. Inú balùwẹ̀ ni Mọ́pẹ́ ti ń dáhùn fóònù báyìí, á ṣí omi sílẹ̀ kí ohùn rẹ̀ má baà jáde. Ó ra bàtà dúdú tuntun, kò wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbààwẹ̀, kò sọ ohun tó gbé e ka iwájú Ọlọ́run. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, òun àti Elisha dúró níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí Ògúnbíyìí sún mọ́ wọn, wọ́n dákẹ́.

Elisha ni ọmọ Màmá Priscilla, olórí àwọn obìnrin nínú ìjọ. Òun ló ń tẹ dùùrù. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Dublin ni wọ́n bí i sí, ó sì ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Citywest. Ògúnbíyìí ti lé lọ́gọ́ta. Ilẹ̀ pápákọ̀ òfuurufú ló ń gbá láti ọjọ́ tó ti gba ìwé ìgbélùú. Mọ́pẹ́ kò tíì pé ogójì. Kò ṣòro fún Ògúnbíyìí láti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sọ fún Mọ́pẹ́ pé òun ń lọ síbi iṣẹ́. Kò lọ. Ó ti bẹ Bánjọ, ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, pé kó bá òun ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yìn ògiri téṣàn ọkọ̀ ojú irin ló dúró sí nínú òjò wíníwíní títí ó fi rí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń bọ̀. Mọ́pẹ́ wọ ẹ̀wù funfun àti síkẹ́ẹ̀tì dúdú tó lọ̀ dáadáa. Bàtà tuntun náà wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìgboro. Ó tẹ̀ lé wọn, ó jẹ́ kí èrò díẹ̀ wà láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n ń sọdá títì, Elisha di apá Mọ́pẹ́ mú. Òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń lọ, Ògúnbíyìí wí nínú ara rẹ̀. Ó ti mọ ohun tó máa sọ. Ó ti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ gbá létí.

Ilé gíláàsì kan báyìí ni wọ́n wọ̀. Ògúnbíyìí dé ẹnu ọ̀nà, ó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àwọn tó wá fi orí pamọ́ sí ìlú náà.

Inú rẹ̀ ìbá rọ̀. Kò rọ̀. Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ ìyàwó rẹ̀ ti pé, ọmọ adùùrù mọ̀, òun ọkọ kò mọ̀. Èyí burú ju òtẹ́ẹ̀lì lọ lójú rẹ̀.

Ìdí tí kò fi mọ̀ kò jìnnà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́ rántí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pe Mọ́pẹ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́dún tó kọjá, Ògúnbíyìí dìde nínú ìjọ, ó jẹ́rìí. Nínú ìjọ wọn, èèyàn lè dúpẹ́ ohun tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rí ìgbàgbọ́ ni wọ́n ń pè é. Ó sọ ọjọ́ tí wọ́n dá. Ó sọ ohun tí lọ́yà wí. Ó ní Ọlọ́run ti ṣe é. Gbogbo ìjọ jó. Nígbà tí èsì máa dé, wọ́n ní àwọn kò gba ọ̀rọ̀ Mọ́pẹ́ gbọ́. Mọ́pẹ́ kò lè gbé ojú sókè láàárín àwọn obìnrin fún ìgbà pípẹ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn obìnrin sọ fún un pé a kì í sọ ọjọ́ ìwé, pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ṣe àmín ló ń ṣe é tinútinú. Mọ́pẹ́ kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó kàn dẹ́kun sísọ ọ̀rọ̀ ìwé fún un.

Ìwé Ògúnbíyìí kò sì lè ràn án lọ́wọ́. Tèmi, ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n bí sí Dublin, ló jẹ́ kó rí ìwé gbà láyé àtijọ́. Ìyá Tèmi wà ní Birmingham, wọn kò tíì tú ìgbéyàwó òun àti Ògúnbíyìí ká. Àdúrà ni pásítọ̀ gbà lé Ògúnbíyìí àti Mọ́pẹ́ lórí. Àdúrà kò dé ìwé ìjọba.

Ó wọlé. Ó sọ fún obìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà pé òun ni ọkọ Mọ́pẹ́, pé òun fẹ́ wọ ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Obìnrin náà ṣàlàyé fún un wọ́ọ́rọ́wọ́ pé ìgbẹ́jọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ògúnbíyìí tún un sọ, ó gbóhùn sókè díẹ̀. Ilẹ̀kùn kan ṣí. Lọ́yà, òyìnbó obìnrin tó gé irun mọ́lẹ̀, jáde wá. Mọ́pẹ́ tẹ̀ lé e, Elisha sì wà lẹ́yìn wọn, ó gbé kóòtù Mọ́pẹ́ lọ́wọ́.

"Daddy Tèmi," Mọ́pẹ́ wí. "Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Èmi ló yẹ kí n bi ọ́. Ta ni ọkọ rẹ nínú àwa méjèèjì?"

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́," ni Elisha wí. "Mummy ló ní kí n mú wọn wá."

"Ṣé mo bá ìwọ sọ̀rọ̀? Gbé kóòtù ìyàwó mi sílẹ̀."

Elisha gbé e sórí àga. Lọ́yà béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Mọ́pẹ́ sì fi gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ṣàlàyé. Lọ́yà wo Ògúnbíyìí. Ó ní bí Mọ́pẹ́ bá fẹ́, wọ́n lè gbà kí ọkọ rẹ̀ jókòó sínú; bí kò bá sì fẹ́, kò sẹ́ni tó lè mú un wọlé. Ó ní ọwọ́ Mọ́pẹ́ ló wà. Ó ní kí wọ́n ṣe kíá, adájọ́ ń dúró.

Ògúnbíyìí bọ́ fìlà. Ó dá a lójú pé òun ti wọlé. Ìyàwó wo ni yóò ní kí ọkọ òun dúró síta níwájú òyìnbó?

"Bí ẹ bá wọlé, mi ò ní lè sọ ọ́," Mọ́pẹ́ wí. Kò gbóhùn sókè. "Bí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n máa dá mi padà."

"Kí ni o ò lè sọ níwájú mi?"

"Ohun tí àbúrò ọkọ mi tó kú ṣe sí mi."

Ohun tí Ògúnbíyìí mọ̀ ni pé ọkọ Mọ́pẹ́ kú ní Ìjẹ̀bú, pé ẹbí ọkọ fẹ́ ṣú u lópó fún àbúrò, ó sì sá. Ìwọ̀nba tó sọ fún un nìyẹn. Ó rò pé kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

"Ọ̀dọ̀ mi lo ń sùn," ó wí. "Èmi ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

"Ẹ̀yin lẹ máa bi mí ìdí tí mi ò fi pariwo."

Ìbéèrè tí Ògúnbíyìí ìbá bi í gan-an nìyẹn. Mọ́pẹ́ mọ̀ ọ́n ju bó ṣe mọ ara rẹ̀ lọ.

Nígbà náà ni ọkùnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, ó so káàdì mọ́ ọrùn. Ó rí Ògúnbíyìí, ó tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà." Ọmọ Yorùbá ni. Ó wọlé. Mọ́pẹ́ àti lọ́yà tẹ̀ lé e. Ilẹ̀kùn padé.

Ògúnbíyìí jókòó. Elisha náà jókòó, ó fi àga kan sí àárín.

"Ìwọ ò wọlé?"

"Èmi kẹ̀, Uncle? Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹjọ́ wọn. Ọ̀nà nìkan ni mo mọ̀."

Ó ṣàlàyé pé òun ni ìyá òun máa ń ní kó mú àwọn obìnrin ìjọ wá, torí ọ̀nà ibẹ̀ máa ń rú wọn lójú, ẹ̀rù sì máa ń bà wọ́n. Òun ló mú Aunty Kẹ́misọ́lá wá. Ẹnu ya Ògúnbíyìí. Kẹ́misọ́lá ti gba ìwé, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó lọ.

"Kí lo sọ tó fi ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀?"

Elisha wò ó. "Ṣé ẹ wà nínú ọkọ̀ ni?"

"Mo bi ọ́ léèrè."

"Mo ní kí wọ́n má bẹ̀rù, pé adájọ́ ò lè burú tó Mummy nígbà tí mo bá pẹ́ kí n tó délé. It's grand, Uncle, kò sí wàhálà. Ẹ̀rù ló kàn ń ba Aunty."

Ògúnbíyìí wo ilẹ̀kùn. "Ọkùnrin tó wọlé yẹn ńkọ́?"

"Ògbufọ̀ ni. Aunty ní Yorùbá ni àwọn máa fi sọ ọ́. Gbogbo bí wọ́n bá ṣe wí i lòun náà máa wí i ní gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá ní 'mo sunkún', òun náà á ní 'mo sunkún'. Kò gbọdọ̀ sọ pé 'ó ní òun sunkún'. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Báyìí ni owú Ògúnbíyìí ṣe kúrò lórí adùùrù, tó bọ́ sórí ògbufọ̀ oníkóòtù. Èyí tún ki ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin tí kò mọ Mọ́pẹ́ rí, tí Mọ́pẹ́ kò se ọbẹ̀ fún rí, ni yóò gbé ohun tó fi pamọ́ fún ọkọ rẹ̀ sẹ́nu, tí yóò máa pe ara rẹ̀ ní Mọ́pẹ́. Yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé rẹ̀ lálẹ́. Ògúnbíyìí yóò lọ sílé pẹ̀lú Mọ́pẹ́ fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì ṣófo.

Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ògbufọ̀ nìkan ló jáde. Ó lọ síbi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ omi sí, ó bu omi, ó mu ún, ó tún bu òmíràn. Ògúnbíyìí dìde, ó lọ bá a.

"Ọmọ ibo ni ẹ́, ọmọ mi?"

"Ìsẹ́yìn, sà."

"Òkèhò lèmi."

"Ilé kan náà ni, sà," ni ọkùnrin náà wí. Ó sọ ojú kalẹ̀.

Ògúnbíyìí mọ̀ pé ọwọ́ òun ti tẹ̀ ẹ́. Àgbà tó jẹ́ ará ilé ni òun. Ọmọ Ìsẹ́yìn tó bá ní ẹ̀kọ́ kò ní lè kọ ọ̀rọ̀ sí òun lẹ́nu. Bí òun bá kàn lè ní "ọmọ mi, kí ló wí?", ìyẹn yóò bẹ̀ ẹ́, yóò sì sọ díẹ̀. Díẹ̀ ti tó. Ìbéèrè náà ti dé ètè. Ó wo ojú ọkùnrin náà. Ojú náà pọ́n, bí ojú ẹni tó jókòó síbi ẹ̀éfín. Ẹni tí kò mọ Mọ́pẹ́ rí ló rí bẹ́ẹ̀ yẹn.

"Ẹ kú iṣẹ́," Ògúnbíyìí wí.

Ó padà lọ jókòó. Elisha ti ń wò ó láti òkèèrè.

Nígbà tí Mọ́pẹ́ jáde, ó ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Lọ́yà bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó lọ. Ògúnbíyìí gbé kóòtù rẹ̀ kúrò lórí àga, ó ṣí i sílẹ̀ fún un. Mọ́pẹ́ wo kóòtù náà, ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó ń dúró de ìbéèrè.

"Òtútù wà níta," ni Ògúnbíyìí wí.

Mọ́pẹ́ ti apá bọ̀ ọ́. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀.

"Adájọ́ ní ó ti rẹ̀ mí, pé kí n padà wá. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá." Ó dúró. "Ẹ ti gbọ́ o."

"Mo gbọ́."

"Aunty, ṣé kí n tún gba ààyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà?" Elisha béèrè.

Mọ́pẹ́ ń di bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Rárá," ó wí. "Daddy Tèmi máa mú mi wá. Wọ́n á jókòó síta."

Ògúnbíyìí ní òun yóò jókòó síta. Ọ̀rọ̀ Mọ́pẹ́ ṣẹ́ ku ìdajì tí kò tíì sọ fún adájọ́.