Jean Tó Fi Ọdún Mẹ́wàá Dàgbà Ọdún Mẹ́ta

Wọn ò tíì bí ọmọ-ọmọ mi tí bàbá rẹ̀ ti mú orúkọ sílẹ̀ dè é: Jean. Jeremiah ni bàbá náà, òyìnbó jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Greenbelt, ní Maryland nílùú òyìnbó níbí. Ó ní ìyá ńlá ìran àwọn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oyinkán ọmọ mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò kọ̀. Ohun tó sọ ni pé òun kò ní sọ ọmọ òun ní orúkọ ẹni tí òun kò mọ ìtàn rẹ̀.

Bí èmi àti Jeremiah ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá Jean nìyẹn. Ní ọ̀sán Sátidé, bí Oyinkán bá ti lọ sí ṣíìfù, a ó jókòó ti kọ̀ǹpútà nílé wọn ní Glenn Dale, a ó máa wo ìwé ìkànìyàn Scotland láyé Ọbabìnrin Fitóríà. Tálákà ni ìdílé Jean, ní ìlú Dundee. Bàbá ń ru ẹrù ní èbúté. Ìyá àti àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ń hun àpò, irú èyí tí wọ́n ń di kòkó sí nílé. Yàrá méjì ni gbogbo wọn há sí, àtàwọn àti ayálégbé kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní Ìṣẹ́yìn, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń hun nǹkan, tí èèyàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Jean ní 1861. Nígbà tí wọ́n tún ka èèyàn ní 1871, ó di ọmọ ọdún méje.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé àwọn ará Scotland náà ń gé ọjọ́ orí ni, bíi tàwọn agbábọ́ọ̀lù wa? Jeremiah ní akọ̀wé ló ṣì í kọ. A ń jiyàn lọ títí mo fi wo àwọn tó kù. William ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní 1861, ti di mẹ́rìndínlógún, ó ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn ló dàgbà bó ṣe yẹ, àfi Jean.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

“Jeremiah,” mo ní, “ẹni méjì nìyí.”

Ó wá àkọsílẹ̀ àwọn òkú, ó sì rí i níbẹ̀. Jean àkọ́kọ́ kú kó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún fún lórúkọ náà. Òun ló dàgbà, tó bímọ, tí ìran náà fi dé Maryland.

Oyinkán dé, kò tíì bọ́ bàtà iṣẹ́ tá a fi sọ fún un. Ó fọwọ́ lé ikùn rẹ̀.

“Orúkọ ọmọ tó kú lẹ fẹ́ kí n sọ ọmọ mi?”

Jeremiah pa kọ̀ǹpútà dé, ó ní kò burú, òun á wá òmíràn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Oyinkán wá kọjú sí mi.

“Dádì, kí lẹ̀yin rí sí i?”

Ìyá mi ni mo rántí. Ọmọ méjì ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó bí mi, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kí orúkọ wọn dún létí mi rí.

“Kòkúmọ́ ni ìyá mi sọ mí,” mo ní. “Ó fi orúkọ bẹ̀ mí ni, pé kí n dúró. Obìnrin Dundee yẹn náà bẹ̀bẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi bẹ̀. Ọmọ tó bẹ̀ náà sì dúró.”

Oyinkán fa àga kan mọ́ra. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà. Nígbà tó yá, ó ní kí Jeremiah ṣí kọ̀ǹpútà padà, kí òun rí ọmọ ọdún méje náà.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n bí ọmọ, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Bánkẹ́ ni orúkọ tí èmi fún un. Nígbà tó kan ti bàbá rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè é, mo sì sinmi díẹ̀ láàárín: “Jean. Jean.”

Ìpè kejì ni ọmọ náà dáhùn. Ó sín.