Àṣìṣe Clive Tí Gbogbo Ìlú Fẹ́ràn

Ẹ bá mi wo ọkọ mi o. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Clive ti ń ta jìtá fún àwọn olórin káàkiri London, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ò sí lára àwo kan ṣoṣo. Bí iṣẹ́ àwọn tó ń ta jìtá ní sítúdíò ṣe rí nìyẹn. Wọ́n á gbé orin síwájú rẹ̀, á ta á, á mu tíì, á sáré lọ sí sítúdíò mìíràn. Kó tó dalẹ́, ó ti gbàgbé orin àárọ̀. Ìyá rẹ̀ tó wà ní ìlú Burnley ò gbà pé iṣẹ́ ni. Gbogbo Kérésìmesì ló ń bi í pé, "Clive, ìgbà wo lo máa wá iṣẹ́ gidi ṣe?" Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún wọ eegun.

Ìgbà tí Davina Shaw, akọrin tí òkìkí rẹ̀ kàn nígboro, wá ń wá ẹni tí yóò máa ta jìtá lẹ́yìn òun láti ìlú dé ìlú, inú Clive dùn dẹ́yìn. Wọ́n máa dé Burnley. Màmá á fojú ara rẹ̀ rí i lórí ìtàgé.

Ó lọ ta orin Davina tó gbajúmọ̀ jù fún un, ó tún fi iyọ̀ sí i. Davina mirí.

"Rárá o, bọ̀dá. Bí ẹni tó wà nínú àwo ṣe ta á gan-an ni mo fẹ́. Ẹ padà wá lọ́la."

Ó ra àwo náà wálé, ojú rẹ̀ le koko.

"Ta ni ọ̀dẹ̀ yìí?" ló ń pariwo. "Gbọ́ o! Ìka rẹ̀ yọ̀ níbẹ̀ yẹn! Irú èyí ni wọ́n ń fẹ́?"

Èmi ti gbọ́ nǹkan mìíràn. Kí jìtá tó gòkè, ẹnì kan fa imú. Ẹ̀gbẹ́ imú yẹn ni mo ń sùn sí!

"Clive, ìwọ ni ọ̀dẹ̀ náà."

"Irọ́!"

"Tún un gbé sí i, kó o gbọ́ imú ẹ."

Ó gbọ́. Ẹnu rẹ̀ ò lè pa dé. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí àga.

Ẹ̀rín tán, ìṣòro kù. Ta ló ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣàṣìṣe? Gbogbo ìgbà tó bá débẹ̀, ibi tó tọ́ gan-an ni ìka rẹ̀ ń bọ́ sí. "Ìka burúkú!" mo ní. "Ìgbà tá ò fẹ́ dáadáa lò ń ṣe dáadáa!"

Lọ́jọ́ kejì mo tẹ̀ lé e, kó má baà sá. Ó sọ fún Davina pé òun gan-an ló wà nínú àwo yẹn.

"Gbogbo yín náà lẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀," Davina ní. "Ó yá, ẹ ta á."

Ojú tì í, inú bí i, ó gbé jìtá, ó ń ta á. Ó débẹ̀, ìka rẹ̀ yọ̀ pátápátá. Mo dijú. Mo ní ó ti parí.

Davina fò sókè. "Òun nìyẹn! Ọlọ́run mi ò, òun nìyẹn!"

Nígbà tá a dé Burnley, ẹ̀gbẹ́ Màmá ni mo jókòó sí. Davina pe orúkọ Clive, Màmá ò pàtẹ́wọ́. Ó dùn mí gan-an. Orin bẹ̀rẹ̀, Clive dé ibẹ̀ yẹn, ìka rẹ̀ yọ̀ bó ṣe yẹ kó yọ̀, èrò hó yèè. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹni inú àwo mọ̀ ọ́n ta ju eléyìí lọ.

Màmá yíjú padà, ó na báàgì rẹ̀ sí i nímú.

"Pa ẹnu ẹ dé níbẹ̀ yẹn! Ẹnu iṣẹ́ lọmọ mi wà!"