Irorẹ́ Kọ́ Ló Ń Wọn Awò

“Ṣé ìwọ ni wọ́n ń tọ́jú níbí ni, àbí ìwọ lo ń tọ́jú èèyàn?”

Obìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín. Ó ti jókòó sórí àga oníbàárà, ó gbé báàgì lé itan, ó sì ń wo ojú ọmọbìnrin tó wà níwájú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Irorẹ́ tó pọ́n wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, wínníwínní wà níwájú orí, àwọn àpá dúdú tí èyí tó ti lọ fi sílẹ̀ sì wà káàkiri. Tínrín ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí pé bó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbé e. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò tínrín.

“Awò ojú la ń ṣe níbí, mà,” ni Tínrín wí. “Fún ẹni tí ìwé kíkà ń nira fún, tí nǹkan ń ṣe bàìbàì lójú ẹ̀.”

“Ẹ kọ ọ́ sára pátákó níta pé ‘Wá tọ́jú ojú rẹ níbí’. Ojú tèmi rèé. Irorẹ́ ló ń dà á láàmú.” Obìnrin náà dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. “Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n tọ́jú, tìẹ kò ní rí báyìí.”

Kì í ṣe ẹ̀bi obìnrin náà. Ọ̀gá Tínrín ló ní kí ẹni tó kun pátákó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì rántí pé ojú tí a fi ń ríran àti ojú tí à ń bọ́ láàárọ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Láti ìgbà tí pátákó náà ti gòkè, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í wọlé wá béèrè ọṣẹ. Tínrín ní kó fi “ìríran” kún un, ọ̀gá ní ọ̀dà ti gbẹ.

Ọ̀gá gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láti inú yàrá kékeré tó ti ń yẹ ẹyinjú wò. Nígbà tí obìnrin náà lọ, ó yọjú.

“Ọmọ mi, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta nínú oṣù yìí.”

“Pátákó yẹn ni, sà.”

“Pátákó ò ní irorẹ́.” Ó rọra sọ ọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ìyẹn ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà dun Tínrín jù. “Ìwọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ rí. Ìyàwó mi ní ìpara kan tó máa mú gbogbo ẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ méje. Bó o bá lò ó, ó dáa. Bó ò bá fẹ́, wàá bọ́ sẹ́yìn lọ máa gé awò títí ojú ẹ á fi mọ́. Fún mi lésì kí á tó tìlẹ̀kùn lónìí.”

Ọdún mẹ́rin ni Tínrín ti wà lórí àga iwájú yẹn. Òun ló ń wọn àyè tó wà láàárín ẹyinjú méjì, òun ló ń fi ooru tẹ apá awò kó lè gba ẹ̀yìn etí dáadáa. Etí ọ̀tún ẹlòmíràn ga ju tòsì lọ, imú ẹlòmíràn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Tínrín a wò ó lẹ́ẹ̀kan, a ti mọ ibi tí awò yóò ti máa yọ̀. Ọ̀gá mọ ẹyinjú, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi awò sójú èèyàn bí ẹni ń gbé àkàbà ti ògiri. Nínú yàrá ẹ̀yìn kò sí imú, kò sí etí, ariwo ẹ̀rọ ló wà níbẹ̀ àti eruku. Inú bí Tínrín gan-an.

Lọ́sàn-án, ìyàwó ọ̀gá gbé ìpara náà dé. Inú ike funfun ló wà, kò sì sí nǹkan kan tí wọ́n kọ sí i lára àyàfi “Ojú 7” tí ẹnì kan fi bírò kọ sórí ìdérí.

“Àárọ̀ àti alẹ́,” ni ìyàwó ọ̀gá wí. “Tó bá di ọjọ́ kẹta, á máa bó. Má bẹ̀rù. Tó bá di ọjọ́ keje, ojú ẹ á máa dán bí ẹ̀yìn ṣíbí.”

“Kí ló wà nínú ẹ̀, mà?”

“Ìpara ni.”

“Irú ìpara wo, mà?”

“Àpòpọ̀ ni. Kí ló dé tó o ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá? Wo ojú mi.”

Tínrín wò ó. Ojú náà mọ́ lóòótọ́, ó sì pupa. Ṣùgbọ́n oríkèé ìka ọwọ́ tó na ike sí i dúdú kirikiri, bí ẹni pé wọ́n yá ọwọ́ náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó gba ike náà, ó ní ẹ ṣé mà, ó sì tọrọ àyè ìṣẹ́jú díẹ̀.

Òdìkejì títì ló gbà lọ, sí ṣọ́ọ̀bù apòògùn. Obìnrin tó ti ń dàgbà ni apòògùn náà, Tínrín fúnra rẹ̀ ló sì tún awò tó wà lójú rẹ̀ ṣe.

“Kí lo ti ń lò sí i?” ni apòògùn béèrè, ó fa ojú Tínrín sún mọ́ iná.

“Ọṣẹ mẹ́ta, Àǹtí. Àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Àti ọṣẹ ìfọyín lálẹ́. Mo sì ń fi kànìnkànìn ha á láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.”

“Ojú ni, kì í ṣe ìdí ìkòkò.” Apòògùn mi orí. “Ihò wínníwínní wà lára gbogbo wa, ibẹ̀ ni òróró ara ń gbà jáde. Tí òróró bá pọ̀, tó bá àwọ̀ tó ti kú pàdé lẹ́nu ihò, ihò á dí. Ohun tó dí ló ń di irorẹ́. Bó o ṣe ń ha á, ṣe lò ń mú un bínú.”

Ó kó nǹkan mẹ́ta sórí tábìlì: ọṣẹ olómi tí kò le lára, oògùn olómi kan tó ń la ihò tó dí, tí èèyàn yóò máa fi pa ojú lálẹ́ ọjọ́ kan, kó fo ọjọ́ kejì, àti ìpara òòrùn, èyí tí kì í jẹ́ kí òòrùn ba ojú jẹ́.

“Ìpara òòrùn kẹ̀, Àǹtí? Èmi tí mo dúdú báyìí?”

“Òòrùn ló ń jẹ́ kí àpá pẹ́ lójú ẹ. Òun kì í wo ẹni tó dúdú.”

“Ọjọ́ mélòó ni gbogbo ẹ̀?”

“Oṣù méjì sí mẹ́ta. Ó sì lè kọ́kọ́ burú díẹ̀ kó tó dára.”

Tínrín gbé ike náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Apòògùn ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dé e padà.

“Mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó pò ó gan-an má mọ̀. Á mú irorẹ́ lọ lóòótọ́. Ọjọ́ tó o bá dáwọ́ dúró, irorẹ́ á padà wá, á sì kó àwọn ẹbí ẹ̀ dání. Ojú ẹ ni. Ìwọ lo máa yàn.”

Ká má parọ́, ọjọ́ méje wu Tínrín. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń wá ojú tó mọ́ kiri, kò sì sí ọjọ́ tó jí tí kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Omi lé sí i lójú níwájú tábìlì náà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń sunkún, á ṣì máa ríran. Ó rí i pé bí òun bá fi ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ kun ojú lónìí nítorí àga kan, imú ni wọn yóò ní kí òun tún ṣe lọ́la. Ó ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tó padà dé, ìyá arúgbó kan tó ń ránṣọ ti jókòó, ó wá gba awò tuntun rẹ̀. Ọ̀gá àti ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn tábìlì.

“Ó dáa bó o ṣe dé,” ni ìyàwó ọ̀gá wí. “Kun ún níwájú wa ká rí i.”

Tínrín fi ọwọ́ méjèèjì gbé ike náà fún un. “Ẹ ṣé, mà. Mi ò ní lò ó. Mo ti ra tèmi.”

“Ọjọ́ mélòó ni tìẹ?”

“Oṣù mẹ́ta, mà.”

Ìyàwó ọ̀gá pòṣé. Ọ̀gá mí kanlẹ̀. “Ẹ̀yìn nìyẹn, ọmọ mi.”

“Mi ò lọ sẹ́yìn, sà.”

Ìyá aránṣọ gbé orí sókè. Ohùn Tínrín kò yẹ̀.

“Mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà. Àmọ́ ṣé ojú lẹ gbà síṣẹ́ ni, àbí èmi? Bí ẹnikẹ́ni bá ti dá awò tí mo tẹ̀ padà rí, ẹ lé mi. Tó bá jẹ́ irorẹ́ ni, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí n máa mú un lọ. Ẹni tó bá pẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ ń kọ lẹ́tà fún. Ẹ kọ tèmi náà.”

“Ẹ kọ ọ́ fún un, Dádì,” ni ìyàwó ọ̀gá wí.

Ọ̀gá fa ìwé tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù lórí jáde. Ó kọ ọjọ́ oṣù. Ó kọ orúkọ Tínrín. Ó kọ “nítorí pé”, ó dúró, ó tún kọ “irorẹ́”, ó sì wo ọ̀rọ̀ náà nínú ìkọ̀wé ara rẹ̀, lábẹ́ orúkọ tó fi ogún ọdún kọ́. Bírò kò kúrò lójú kan.

“Tí ẹ bá kọ̀wé yín tán,” ni ìyá aránṣọ wí, “ta ló máa wọ awò fún mi? Èyí tí ọ̀gá fi sí mi lójú lẹ́ẹ̀kan, inú àwo ọbẹ̀ ló já sí.”

Ọ̀gá ká ìwé náà sí méjì, ó tì í bọ àpò. Kò ní kí Tínrín lọ, kò ní kó dúró. Tínrín kò sì dúró de ìkankan. Ó fa àga rẹ̀ jáde, ó jókòó sábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ó fi ooru mú apá awò rọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó sì rọra fi í sójú ìyá aránṣọ.

“Ṣé ẹ ń ríran dáadáa, mà?”

Ìyá aránṣọ wo ògiri. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá wo ọmọbìnrin tó wà níwájú rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

“Irorẹ́ pọ̀ lójú ẹ, ọmọ mi. Mo lè kà wọ́n.”

Ìyàwó ọ̀gá wúkọ́.

“Awò yín dáa nìyẹn, mà,” ni Tínrín wí, ó sì tún sún ojú ara rẹ̀ mọ́ iná. “Ẹ yíjú sọ́tùn-ún díẹ̀ kí n wo etí yín.”